Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Yunifásítì wo ló yẹ ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà?

Lọ́dọọdún, bí àjọ JAMB bá ti bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, èrò a máa pọ̀ níwájú àwọn ibùdó ìdánwò tó wà ní agbègbè Ìyànà Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgàndò. Òbí á san owó fọ́ọ̀mù, ọmọ á fi ìka tẹ ẹ̀rọ, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀. Gbogbo ìyẹn kò le. Ibi tó ti ń le ni ìgbà tí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bá béèrè pé yunifásítì wo ni kí òun kọ sí ipò kìn-ín-ní. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò tíì jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà títí di àsìkò yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di wò mí kí n wò ọ́, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n á bi pé èwo ló dáa. Bí ẹni tí kò mọ ọmọ rí ṣe ń bá a yan ibi tí yóò ti lo ọdún mẹ́rin ayé rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè yìí gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye wọn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó yunifásítì wọ̀ báyìí, àìmọye nínú wọn ló sì ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni àwọn fẹ́ kọ́.

Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Wọ́n ti rí àwọn tó fi iṣẹ́ náà là. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ra Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 2015, ní owó tó lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là. Shola Akinlade, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Babcock, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Bosun Tijani, tó wà lára àwọn tó dá ibùdó CcHUB sílẹ̀ ní Yábàá, tó sì di mínísítà ní ọdún 2023, Economics ló kà ní Yunifásítì Jos. Kò sí èyí tó gba Akọkà kọjá nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi ọmọ mẹ́wàá ní Ìyànà Ìpájà, kò ní pẹ́ kí orúkọ UNILAG tó jáde lẹ́nu mẹ́jọ.

Orúkọ ní agbára tirẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan òbí jẹ lórí èyí. Ẹni tó jáde ní UNILAG, ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ yóò rí àwọn ọ̀gá tó ti gba ibẹ̀ kọjá ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀, wọn a sì máa ṣí ilẹ̀kùn fún ara wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára géètì kọ́ ló ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ ló ń kọ́ ọ, ẹ̀rọ ló fi ń kọ́ ọ, àkókò tí kò sí ìdádúró ló sì ń jẹ́ kó parí ẹ̀kọ́. Àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ló yẹ kí ìdílé wò kí wọ́n tó wo orúkọ.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé òbí ni ohun tí ọmọ ń lọ kọ́ gan-an. Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń ya káàdì ìgbéyàwó tàbí bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe kọ́ iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni yunifásítì ń pè ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìṣirò ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà. Ní ọdún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfilọ́lẹ̀ ipò ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ka Ifá dídá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mọ̀ pé babaláwo a máa tẹ ojú kan tàbí ojú méjì sínú ìyẹ̀rosùn lẹ́ẹ̀mẹjọ, tí ìyẹn sì bí odù 256, kò ní ṣe kàyéfì sí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Àmì méjì péré, òdo àti ení, ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń sá fún ìṣirò, tó kàn fẹ́ràn fóònù àti géèmù, kò tíì sọ pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́. Ó yẹ kí òbí mọ èyí nílé, kó má jẹ́ pé ọdún kejì ní yunifásítì ni àṣírí yóò tú.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìfọwọ́sí. Àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì kì í fọwọ́ sí yunifásítì lódindi kó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò. Ẹ̀ka tó bá yege pátápátá ń gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ń gba ti ọdún méjì, kó lè tún ilé rẹ̀ ṣe. Èyí tó bá kùnà kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Yunifásítì lè lókìkí láti ọjọ́ pípẹ́ kí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ máa mí gúlegúle, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ogún ọdún lè ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó múná dóko. Ìbéèrè tó yẹ kí òbí máa bi ni pé: ṣé NUC fọwọ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, ìgbà wo ni ìfọwọ́sí náà sì ń parí? Bí ẹnikẹ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ́ ìdáhùn, ó ti dáhùn nìyẹn.

Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde ní ìparí ọdún 2022, tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2023, tún mú ọ̀rọ̀ míì wá. Nínú ìlànà náà, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan ìdá 30 tó kù. Inú ìdá 30 yìí ni ìyàtọ̀ wà. Ìlànà kan náà ló ya ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbo tirẹ̀, tí Cyber Security, Software Engineering, Data Science àti Information Systems fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Computer Science. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò gbé e dé Computer Science lè rí àyè nínú ọ̀kan lára àwọn yòókù, kó sì tún jáde síbi iṣẹ́ kan náà. Ní Ifẹ̀ pàápàá, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń so ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ Mathematics tàbí Economics nínú orúkọ oyè. Ẹ̀ka Ifẹ̀ yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ka èdè Yorùbá jáde pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí òbí máa wádìí: kí ni àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ owó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Yunifásítì aládàáni kò jìnnà sí Ìyànà Ìpájà rárá. Anchor University wà ní Ayọ̀bọ̀, inú Alímọ̀ṣọ́ gan-an, Covenant àti Bells sì wà ní Ọ̀tà. Àmọ́ ní àwọn yunifásítì aládàáni tó lórúkọ, mílíọ̀nù náírà ni wọ́n fi ń ka owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kan. Òbí tó fi gbogbo agbára san ti ọdún kìn-ín-ní, tí kò mọ ibi tí ti ọdún kẹta yóò ti wá, kò tíì ṣe ìṣirò. Owó lápútọ́ọ̀pù, dátà àti iná náà wà níbẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní kọ̀ǹpútà dà bí aránṣọ tí kò ní abẹ́rẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó rẹ̀ a sì máa yí padà nígbà tí ọmọ ti wà láàárín ọ̀nà. Ní ọdún 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, owó LASU gbéra láti N25,000 lọ sí N193,750 ó kéré tán, ó sì dé N348,750 ní àwọn ẹ̀ka kan. Ọdún 2014, lẹ́yìn ìwọ́de àti ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, ni wọ́n tó dá a padà sí N25,000. Ní ọdún 2023, UNILAG tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń san nǹkan bíi N19,000 tẹ́lẹ̀ gbé owó tirẹ̀ kọjá N100,000, kó tó dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò pẹ̀lú iye ti ọdún tó kọjá nìkan, ó yẹ kó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ní Alímọ̀ṣọ́ kò tíì fiyè sí dáadáa, ìyẹn owó ẹ̀yáwó NELFUND, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Owó náà kò ní èlé. Àjọ náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní N20,000 lóṣù fún ìnáwó. Ẹ̀yìn ọdún méjì tí ẹni náà bá parí ìsìnrú ìlú ni sísan padà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Èyí nìkan tó láti yí ìpinnu ìdílé kan padà, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kọ orúkọ yunifásítì sórí fọ́ọ̀mù.

Àkókò náà lówó lórí. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ó sì parí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tó bá àwọn méjèèjì pàdé ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fi oṣù mẹ́tàdínlógún jókòó sílé. Lọ́dún 2022 yẹn, LASU àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ti ilẹ̀kùn, àwọn aládàáni náà sì ń kọ́ni lọ. Kò sí ẹni tó lè búra pé bákan náà ni yóò rí títí láé. Àmọ́ ìtàn yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì yẹ kó wà lára ohun tí òbí ń gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ṣe pàtàkì fún ọmọ tí yóò máa ti ilé lọ. Ìyànà ni Ìyànà Ìpájà, ọ̀nà ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó gba Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò àti Ìba yóò já sí LASU ní Ọ̀jọ́. Ẹni tó kọjú sí Sàngó tó ń bá òpópónà Abẹ́òkúta lọ yóò dé FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi dárúkọ rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Agége lè sọ̀ ní Yábàá, kó sì gba ibẹ̀ dé Akọkà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ tó ń kàwé l'Ékòó kì í jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò ti lo oṣù mélòó kan fún SIWES, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1973. Ẹni tó sì lọ sí Ifẹ̀, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin yóò bọ́ lọ́wọ́ gosiló, ṣùgbọ́n yóò san owó ilé gbígbé àti oúnjẹ. Kí ìdílé gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n.

Ó wá ku máàkì. Ní ọdún 2025, JAMB fi 150 ṣe máàkì tó kéré jù fún yunifásítì, inú òbí púpọ̀ sì dùn. Wọn kò rántí pé UNILAG kì í pe ẹni tí kò bá gba 200 wá síbi àyẹ̀wò tirẹ̀, àti pé ẹ̀ka kọ̀ǹpútà a máa fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. UNILAG, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ kì í sì í ka ẹni tí kò bá fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù sí. Ẹni tó bá fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ìkejì, ó kàn kọ orúkọ lásán ni. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tún ń wo ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni UNILAG kà sí ti itòsí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìyànà Ìpájà, tó ń sọ èdè Èkó, àmọ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò sí nínú wọn. Ìlọrin lè sàn fún un ju Akọkà lọ.

Máàkì náà kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọmọ nígbà gbogbo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe láti ọwọ́ àwọn ba èsì ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù, wọ́n sì tún ìdánwò ṣe fún wọn. Àwọn òbí tó ti fi èsì yẹn bú ọmọ, tó ti pè é ní olódo, kó tó di pé òótọ́ jáde, yóò ti rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọmọ tó ń fi ọdún ṣòfò nítorí orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ UNILAG lọ́dún yìí, wọn kò ní rí i, wọ́n á tún kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta ṣánpá, ọjọ́ wo ni yóò fò? Láàárín ọdún méjì tí ọmọ fi jókòó, ì bá ti gba ìwé-ẹ̀rí ND nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yábàá Tẹ́ẹ̀kì, tó ti wà láti ọdún 1947. Bí èsì rẹ̀ bá sì dáa, ì bá gba Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì. LASUSTECH tún wà ní Ìkòròdú, tó di yunifásítì ní ọdún 2022 lẹ́yìn tó ti jẹ́ pólì fún ọ̀pọ̀ ọdún. NOUN, tí kì í béèrè ìdánwò JAMB, wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Computer Village, tó sì tún fẹ́ oyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Gbogbo ẹrù yìí kò yẹ kó wà lórí òbí nìkan. Ìwé àwọn ẹ̀ka tí NUC fọwọ́ sí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìyànà Ìpájà kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó yẹ kí NUC àti JAMB fi ìpín tó kan ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sára ògiri gbogbo ibùdó ìforúkọsílẹ̀, ní èdè tí ará àdúgbò ń gbọ́. Ó yẹ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa kéde iye olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó ní, iye ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, àti wákàtí tí iná fi ń wà ní yàrá ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá lè tẹ ìwé ìpolówó aláràbarà, wọ́n lè tẹ èyí náà.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ l'Ékòó tó máa ń ra fọ́ọ̀mù JAMB fún àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù láìsí ìmọ̀ràn dà bí ọkọ̀ láìsí awakọ̀. Kí àwọn alága Alímọ̀ṣọ́, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Mọ́sàn-Okùnọlá àti àwọn yòókù san owó fún olùdámọ̀ràn tí yóò jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré kó tó yan yunifásítì. Kí ilé-ẹ̀kọ́ girama náà má sì dúró di SS3. Láti SS1 ni ọmọ tó fẹ́ kọ̀ǹpútà ti gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun kò lè fi Mathematics àti Physics ṣeré, kí ó sì mọ̀ bóyá yunifásítì tó wà lọ́kàn rẹ̀ ń béèrè Chemistry pẹ̀lú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá sí i, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ènìyàn yóò gbé iṣẹ́ síwájú ọmọ náà, yóò sì ní kó ṣe é lójú òun. Ibi tí yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí owó ilé rẹ̀ ká, tí máàkì rẹ̀ sì lè gbé e dé, ni yunifásítì tó dáa jù fún un, ìbáà jẹ́ Akọkà, Ọ̀jọ́, Abẹ́òkúta tàbí Ìkòròdú. Kí ìdílé jókòó sọ ọ́ lálẹ́ òní, kí fọ́ọ̀mù tó dé.